Ọwọ́ Ara Mi Ni Mo Fi Yọ Kọ́kọ́rọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá korò. Oṣù kẹrin rèé tí mi ò tíì sun oorun àsùngbádùn. Ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ kó sunkún bí mo ṣe sunkún, kò sì sí àdúrà tí mò ń gbà tó ju ìyẹn lọ.

Dírẹ́bà ni mí. Agbẹjọ́rò kan ní GRA Àpápá ni mò ń wa mọ́tò fún. Ọdún mẹ́fà ni èmi àti Sìkírá ìyàwó mi fi wá ọmọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ń rọbí nílé wa ní Ajégúnlẹ̀, ọ̀gá mi ní kí n fi mọ́tò òun gbé e lọ sí ọsibítù. Bí a ṣe dé Olodi-Àpápá ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ wọ́ọ̀fù, èbúté ọkọ̀ ojú omi, nawọ́ dá wa dúró: "Driver, clear well!" Ẹ gbọ́ o, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí ò láṣẹ láti dá mọ́tò dúró níta géètì wọ́ọ̀fù, àfi tí wọ́n bá fojú ara wọn rí ẹni tó ń ṣe ọ̀ràn ńlá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀! Ọ̀gá mi ti sọ ọ́ fún mi láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n àwa dírẹ́bà Àpápá ní àṣà kan: ẹni tó bá tètè fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń tètè dá sílẹ̀. Kó tó béèrè, mo ti yọ ọ́ fún un.

Ó ti kọ́kọ́rọ́ náà bọ àpò, ó ní mọ́tò náà jọ ti olè, ó lọ jókòó sábẹ́ agboòrùn. Sìkírá ń ké láti ẹ̀yìn mọ́tò: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ń bọ̀ o!" Kí ló fi dá a lóhùn? "Madam, no dey shout for me." Mo dọ̀bálẹ̀ lórí títì, kò wò mí. Nígbà tó fi dá kọ́kọ́rọ́ padà tí a sì dé ọsibítù, ọmọkùnrin wa ti kú. Dókítà ní ká ní a tètè dé ni.

Ọ̀gá mi kọ̀wé ẹ̀sùn sí àwọn ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ náà, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó já kọ́kọ́rọ́ gbà ni, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fún un, ìkìlọ̀ lásán ni. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó já a gbà. Ọjọ́bọ̀ ni n óò búra sí i. Ìyàwó rẹ̀ wá bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn sóde. Ta ló bá mi bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tèmi?

Àmọ́ lánàá ni Sìkírá sọ pé, "Ọkọ mi, wọ́n ti pe èmi náà. Ohun tí mo rí ni màá sọ." Kò tíì mẹ́nu ba kọ́kọ́rọ́ yẹn rí láti ọjọ́ náà. Mo rò pé kò rí mi ni!

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ sáà má sọ pé kí n dárí jì í.