Ìka Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Tí Ẹ̀rọ Kò Mọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kó tó pa mí. Ní gbogbo àárọ̀ tí Ọlọ́run mú wá, kí n tó fọ ẹnu ni Màámi máa ń bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì mi, ṣé èsì ti jáde?" Màá ní kò tíì jáde. Irọ́ kọ́ ni mo pa, kò tíì jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé n kò ṣe ìdánwò ìṣirò rárá, èyí tí èèyàn kò lè dé ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí láìyege nínú rẹ̀? Ìta gbọ̀ngàn ni mo jókòó sí títí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ṣe é tán.

Màámi kọ́ ló bí mi o. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Alájò, ní Accra níbí, ni wọ́n bí mi sí. Ọdún kejì tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni ìyá mi kú, ni ìwé bá dópin, ni mo bá di ọmọ ọlọ́ṣẹ. Ọṣẹ dúdú ni Màámi ń ṣe, èyí tí àwọn ará Gánà ń pè ní alata samina, nítorí àwa Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Alata, ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Eérú èèpo kòkó là ń sẹ́, omi rẹ̀ là ń pò mọ́ àdín lórí iná. Omi eérú yẹn ń jẹni lọ́wọ́, ẹ ò rí i! Mo ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà nígbà kan, Màámi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní ọwọ́ ni ojú ọlọ́ṣẹ, ìbọ̀wọ́ kò mọ ọṣẹ tó jinná.

Ẹ má bínú sí i. Òun náà ló ní kí n padà sídìí ìwé. Ó rí bí mo ṣe máa ń dúró ti àwọn aboyún àdúgbò wa, ó ní, "Ọwọ́ tó mọ́ báyìí, ọmọ tuntun ló yẹ kó máa gbà." Bẹ́ẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí tí mo fojú sí kì í gba ẹni tó bá ti kọjá ọmọ ọdún márùndínlógójì, ó sì kù díẹ̀ kí n kọjá. Mo wọ kíláàsì àwọn tó fẹ́ fúnra wọn ṣe ìdánwò àṣejáde girama, ní Lapaz, lókè ilé ìtajà fóònù. Àwọn ọmọ kéékèèké ń pè mí ní Àǹtí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo ń bá wọn rín in. Ìṣirò ló le jù fún mi. Màá máa ka fọ́múlà nídìí ìkòkò ọṣẹ, Màámi, tí kò jókòó ní kíláàsì rí, á máa bi mí pé, "Kí lo ní ó bá kí ni dọ́gba?" Àwa méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Mo gbádùn ìgbà yẹn, n kò ní purọ́.

Nígbà tí a ń forúkọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ ti gba àmì ìka gbogbo wa. Nígbà yẹn, Màámi fúnra rẹ̀ ló ń po ọṣẹ kí n lè ráyè kàwé. Ìka rẹ ni yóò ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn fún ọ lọ́jọ́ ìdánwò, kí ẹlòmíràn má bàa wá bá ọ ṣe é. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò ni èjìká Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, oníbàárà kan ní Agbogbloshie sì ń retí ọṣẹ. Ó wò mí tàánútàánú, ó ní, "Ọmọ mi, bá mi po eléyìí nìkan." Ta ni yóò kọ̀ fún ẹni tó wò ó dàgbà? Mo fi ọwọ́ lásán pò ó. Kí ló kàn mí kan ìka? Ọpọlọ ni mo rò pé wọ́n fẹ́ dán wò.

Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ wáyé. Ẹ̀rọ náà fi ẹ̀mí mi ṣeré kó tó gba àtàǹpàkò mi. Nígbà tí ọjọ́ ìṣirò fi máa dé, awọ ọwọ́ mi ti ń bó, àwọn ilà ìka mi ti parẹ́.

"Fa wo nsa to so bio," ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú ẹ̀rọ dání wí, pé kí n tún gbé ọwọ́ lé e. Mo tún gbé e lé e. Mo nù ún mọ́ aṣọ, mo fi ra irun mi kó lè rí òróró, mo gbàdúrà sí ìka kọ̀ọ̀kan. Gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹ̀rọ kò mọ̀ mí! Ọ̀gá wọn wo ọwọ́ mi, ó béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní ọṣẹ ni. "Áà, alata samina! Màdáámù, òun ni ìyàwó mi fi ń wẹ̀." Kò ṣe mí níkà o, ó tilẹ̀ gbé àga fún mi. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú àwọn kan tó ń fi orúkọ ẹlòmíràn ṣe ìdánwò ni, òun kò lè dá mi gbà wọlé, àfi kí òun pe ọ́fíìsì. Ó pè, ó pè, ó pè. Mo ń wo ẹ̀yìn orí àwọn ọmọ kíláàsì mi lójú fèrèsé. Gbogbo fọ́múlà pé sí mi lórí, kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ìgbà tí ọ́fíìsì fi gbé fóònù, tí wọ́n ní kí n wọlé, wọ́n ti ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn èèyàn. "Kafra, Màdáámù," ló ń wí, ó ń bẹ̀ mí. Ẹkún kò tilẹ̀ wá.

Mo délé, mo bá Màámi lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ó dáa?" Mo ní, "Ó dáa, Màámi." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Ó ti ra aṣọ funfun yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀, gbogbo Alájò ló sì ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì. A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ, èmi rèé tí n kò lè gbé òròmọdìẹ! Ìdánwò mìíràn á wà, ṣùgbọ́n kó tó dé, ọjọ́ orí mi á ti kọjá. Tí mo bá jẹ́wọ́, Màámi á bi mí pé kí ló ṣe ìka mi. Ṣé kí n sọ fún un pé ọṣẹ tó fi tọ́ mi náà ló tì mí mọ́ta? Á kú sí mi lọ́rùn. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Láti ọjọ́ ìdánwò ni Màámi ti ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọṣẹ mọ́, ó ní ọwọ́ nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó tì mí, á fi àdín pa mí ní ìka kọ̀ọ̀kan, á máa ṣàdúrà. Lánàá, mo wo ìka mi bó ṣe ń pa á. Gbogbo ilà wọn ti hù padà, wọ́n yọ kedere. Inú Màámi dùn, ó ní, "Wò ó bó ṣe ń dán!" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ayé jù mí lọ, kí ni kí n sọ fún ìyá yìí?