Abẹ́rẹ́ Tí Mo Gún Pupa

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé àga yín súnmọ́ mi, ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ mi. Àìsàn yìí kò ní í fi mí sílẹ̀. Dókítà lèmi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ dókítà ẹran. Mo mọ ara tó ti ń palẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò gbọdọ̀ gbé wọ sàréè. Àbúrò mi, gbé ọ̀pá rẹ tì, jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ, torí ìwọ lọ̀rọ̀ náà kàn jù. Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí sí obìnrin tó wo Pupa sàn, ẹṣin tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ń ṣe é lẹ́sẹ̀. Irọ́ ni. N kò wò ó sàn rárá.

Nígbà tí wọ́n fi ẹṣin náà lé mi lọ́wọ́, àwọn dókítà mìíràn ti wò ó tì. Ó ń tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún iwájú, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ náà kò wú, kò gbóná, kò sì ní ojú ọgbẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí à ń rí ni pé bí ẹsẹ̀ náà bá ti kanlẹ̀, orí rẹ̀ á gbé sókè. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo tẹ pátákò rẹ̀ yí po, mo ní kí alágbẹ̀dẹ tú bàtà irin rẹ̀, mo wo ojú ihò ìṣó kọ̀ọ̀kan. Òfo. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Bí ọ̀gá tó ni ẹṣin bá bi mí pé ibo la bá a dé, èmi á ní ó ku díẹ̀. Bí alágbẹ̀dẹ ṣe sọ mí ní Dókítà Ó-Ku-Díẹ̀ nìyẹn, tí gbogbo èèyàn inú ọgbà ẹṣin náà sì ń bá a pè é. Ìwọ tí ò ń gun Pupa nínú ìdíje, ìwọ nìkan ni kò fi mí rẹ́rìn-ín. O máa ń sọ fún wọn pé, "Ẹ fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀, ẹ ṣáà máa wò ó."

Abẹ́rẹ́ kan wà tí a fi ń wá ibi tí ìrora sá pamọ́ sí. Láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ la ó ti máa gún un lọ sókè, ibi tí a bá gún á kú tipiri. Ibi tí a bá gún tí ẹṣin kò bá tiro mọ́, ìtòsí ibẹ̀ làrùn wà. Kì í ṣe ìwòsàn o. Bí agbára oògùn bá ti tán, ẹsẹ̀ á tún máa dùn ún. Mo gún Pupa lẹ́yìn ẹsẹ̀, lókè pátákò díẹ̀, mo ní kí o fà á sáré. Ó sáré bí ọmọ ẹṣin! Orí rẹ̀ kò mì. Gbogbo ọgbà pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá gbá mi mọ́ra, ó ní, "Ẹ ti wò ó sàn! Dókítà rèé o!" Alágbẹ̀dẹ ṣí fìlà, ó ní kí n foríji òun. Mo lanu láti sọ pé ẹ dúró ná, ẹsẹ̀ náà kàn kú ni, ṣùgbọ́n ìyìn dùn mọ́ mi. Mo pa ẹnu náà dé. Èmi aláìlójútì! Gbólóhùn kan péré ni n kò sọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo dá ya fọ́tò eegun rẹ̀. Mo rí ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun nínú eegun tó wà lókè pátákò: eegun náà ti ń sán. Ìsinmi ló nílò, kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kí ẹnikẹ́ni má gùn ún. Àrùn tó gbóògùn ni! Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ bá àwọn tó ti pàtẹ́wọ́ pé kí wọ́n kó àtẹ́wọ́ wọn padà? Mo fa fọ́tò náà ya. Mo wá gbé ìtọ́jú aláṣehàn kalẹ̀: à ń da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀, à ń fà á rìn lórí iyanrìn, mo ń fi báńdéèjì dì í. Kí n tó dì í ni mo máa ń gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹsẹ̀ kú yẹn. Ìwọ lò ń di orí rẹ̀ mú, tí ò ń kọrin sí i létí. O bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fi ń gún un?" Mo ní, "Oògùn tó ń mú eegun le ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, o wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. O ní, "Mo rí Pupa kí ẹ tó dé lónìí, ó tún ń tiro. Ṣé ká sọ fún ọ̀gá pé ká fi ìdíje tó ń bọ̀ yìí sílẹ̀?" Ọlọ́run la ọ̀nà àbáyọ fún mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Mo ní, "Ìwọ lò ń fa ìjánu rẹ̀ jù. Ọwọ́ rẹ ti le jù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí o bá ba iṣẹ́ mi jẹ́, ọrùn ara rẹ ni o." Ojú rẹ rẹ̀wẹ̀sì. O ní, "Ẹ má bínú, mà á rọra."

Lọ́jọ́ ìdíje, mo fi oògùn kún oògùn. Bí Pupa ṣe fo ọ̀kan nínú àwọn igi tí wọ́n gbé dábùú ọ̀nà tó balẹ̀, a gbọ́ ìró bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ó wó lé ọ lórí, ó fọ́ ọ níbàdí. Ẹṣin náà sì tún dìde! Ó ń fi ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ náà tẹlẹ̀, ó fẹ́ máa sáré lọ, torí kò mọ̀ pé ó ti ṣẹ́. Èmi ni n kò jẹ́ kó mọ̀. Àwọn èèyàn ń sunkún, wọ́n ní ẹ wo ẹṣin tó láyà. Èmi náà ni mo fún un ní abẹ́rẹ́ tó pa á.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló ti burú jù. Nílé ìwòsàn, nígbà tí o lajú, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ǹ bá kúnlẹ̀ bí ìbàdí mi bá gbà. Ẹ ti wo Pupa sàn, èmi ni mo pa á. Ẹ sọ fún mi pé ọwọ́ mi le. Ẹ foríjì mí." Mo wò ọ́ lójú, mo ní, "Ó ti tán. Mo ti dárí jì ọ́." O di ọwọ́ mi mú, o sì dúpẹ́. O dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi! O kò gun ẹṣin mọ́ láti ìgbà náà. Bí àwo bá fọ́ nínú ilé, ìwọ lo kọ́kọ́ ń ní ẹ má bínú. Àìsàn dá mi dùbúlẹ̀, ìwọ lò ń wẹ̀ mí pẹ̀lú ìbàdí tó ń dùn ọ́. Bí mo bá ní ó tó, wàá ní ohun tí mo ṣe fún ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá ń yìn yín fún ohun tí ẹ kò ṣe, ẹ kọ̀ ọ́ kí àtẹ́wọ́ tó dákẹ́. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti bọ́. Àbúrò mi, má sunkún, má sì tíì di ọwọ́ mi mú. Ìdáríjì tí mo fún ọ lọ́jọ́ náà, mo gbà á padà, torí o kò ṣẹ̀ mí rí. Tìrẹ ni mo ń tọrọ. Ṣùgbọ́n má tètè fún mi, má sọ pé kò sí nǹkan kan bí o ti máa ń sọ. Jọ̀wọ́, kọ́kọ́ bínú sí mi ná.