Ohun Tí Ìyá Mi Sọ Lẹ́yìn Aṣọ Ìkélé

Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú pé n kò dárúkọ ara mi. Mo ti yí orúkọ àwọn yòókù padà pẹ̀lú, àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ wá á mọ̀ wá. Ó ti rẹ̀ mí. Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan kiri nínú, n kò sì rí ibi tí mo lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí.

Kì í ṣe ìwà rere ló sún mi dé ibi ìjẹ́wọ́ o. Ìyá mi ló fẹ́ rìnrìn àjò kan, bó bá sì lọ, àṣírí mi tú. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí. Abọ́ tánganran ni bàbá wa ń tà, òun náà ni mò ń tà. Mùsùlùmí ni wá látilẹ̀, ìyá mi sì jẹ́ ẹlẹ́hàá. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀, obìnrin tó bá wà ní ẹ̀hà kì í jáde sí gbangba, ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ kì í sì í rí ojú rẹ̀. Bí ọkùnrin bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ìyá mi sọ, pálọ̀ ló máa jókòó sí. Ìyá mi á wà nínú yàrá lẹ́yìn aṣọ ìkélé, èmi á wá máa lọ, máa bọ̀ láàárín wọn. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ohùn ìyá mi kì í dé pálọ̀, torí jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n ní kí òṣèlú bẹ̀rẹ̀ padà, ẹgbẹ́ òṣèlú kan háyà àwo lọ́wọ́ wa fún ìpàdé wọn lọ́nà Adígbẹ. Àbúrò mi, Múdà, ló lọ kó àwo náà bọ̀. Àdó olóró bú gbàmù nínú gbọ̀ngàn yẹn. Èèyàn mẹ́ta ló kú, Múdà sì wà nínú wọn.

Ògúndélé ló gbé àdó náà síbẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti abúlé kan lẹ́yìn Ìtòrí, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta ló jí kó. Kò jiyàn ní kóòtù, ó ní òun kórìíra ẹgbẹ́ náà ni. Adájọ́ sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Lójú tèmi, ó kéré.

Nígbà tó di ọdún kẹta rẹ̀ lẹ́wọ̀n, jẹjẹrẹ mú un lọ́fun. Dókítà ní kò lè lò tó oṣù mẹ́ta mọ́. Ẹbí rẹ̀ wá kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n ṣàánú, kí wọ́n jẹ́ kó wá kú sílé. Àríyànjiyàn bá gba ìlú kan. Ní gáréèjì, ní mọ́ṣáláṣí, lórí rédíò, òun náà ni. Àwọn kan ní òkú kí la tún ń fi sẹ́wọ̀n? Àwọn mìíràn ní àwọn mẹ́ta tó pa ńkọ́, ta ló gbé wọn délé kí wọ́n tó kú?

Èmi wà lára àwọn tó ń pariwo jù. Ìbò ti ń sún mọ́lé. Alága wọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ tí àdó náà bú mọ́ mú mi lọ síbi ìpolongo wọn, ó sì fún mi ní gbohùngbohùn. Mo kígbe pé, "Ìyá Múdà ní rárá! Ó ní kó jẹrà síbẹ̀!" Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn, kí n má parọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò tíì bi ìyá mi léèrè nígbà yẹn. Mo rò pé mo mọ ohun tó máa sọ. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n pa.

Ìjọba wá ní àwọn fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹbí àwọn olóògbé. Ẹbí àwọn méjì yòókù ní ohun tí ìyá Múdà bá sọ ni àwọn náà sọ, torí òun ló dàgbà jù. Bàbá wa ti wà ní ìdùbúlẹ̀ àìsàn nígbà náà, wọn kò lè sọ̀rọ̀ mọ́; bí ọ̀rọ̀ ṣe dọwọ́ ìyá mi nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àìlá, akọ̀wé ìjọba kan dé ilé wa pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Alága wọ́ọ̀dù tẹ̀ lé e wọlé, ó sì jókòó tì í.

Mo wọ yàrá lọ jíṣẹ́. Ìyá mi wà lórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ọmọ yẹn ní ìyá?"

Mo ní ó ní.

"Ṣé ìyá rẹ̀ wà láyé?"

Mo ní ó wà.

Ó ní, "Èmi ò rí Múdà kó tó kú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, wọ́n ní kí n má wò ó. Ohun tójú mi rí, mi ò fẹ́ kójú obìnrin mìíràn rí i. Sọ fún wọn kí wọ́n gbé e lọ fún ìyá rẹ̀. Mo ti dárí jì í."

Mo ní kí ìyá mi tún un rò. Wọ́n ní àwọn ti rò ó tán kí n tó wọlé.

Láti orí ẹní yẹn dé pálọ̀ kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Mo ká aṣọ ìkélé sókè, alága sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Gbogbo àtẹ́wọ́ ọjọ́sí ló padà sí mi létí. Ojú tì mí láti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹnu lásán ni mo fi sọ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Ìyá mi ní rárá."

Akọ̀wé wò mí. "Ṣé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, sà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní kí ìyá mi tẹ̀ka sí i. Mo gbé ìwé àti tàdáwà wọlé fún ìyá mi. Wọ́n bi mí pé ṣé ibí yìí ni. Mo ní ibẹ̀ ni. Mo di àtàǹpàkò wọn mú, mo sì bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Kí rédíò má baà sọ ọ́ sí wọn létí, mo yọ bátìrì inú rẹ̀, mo ní ó ti bàjẹ́. Mo kìlọ̀ fún ìyàwó mi àti gbogbo àwọn obìnrin tó ń wá kí wọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ Ògúndélé nínú yàrá yẹn, torí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá Ògúndélé dé. Obìnrin àgbẹ̀ ni, ìlẹ̀kẹ̀ funfun òrìṣà wà lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n rí ìyá yín. Obìnrin bíi tiwọn ni mí. Ṣebí ọkùnrin ni wọn kì í rí?"

Òótọ́ ló sọ. Mo sì mọ̀ pé tó bá wọlé, ó parí. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ abọ̀rìṣà kì í kọjá ìloro wa. Irọ́ ni, ẹ̀yin ará. Obìnrin tó ń kó gbágùúdá wá fún wa láti oko, abọ̀rìṣà ni, inú yàrá ìyá mi ló sì ti máa ń jẹun. Ìyá Ògúndélé kò lọ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi gbọ́ ẹkún, wọ́n bèèrè ẹni tó ń sunkún níta. Mo ní oníbàárà kan tó sọ nǹkan nù ni.

Ọ̀sẹ̀ keje, Ògúndélé kú sọ́gbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Mo wọlé sọ fún ìyá mi pé orí itan ìyá rẹ̀ ló kú sí. Wọ́n ní Alihamudu lilahi. Wọ́n sunkún, wọ́n sì ní ọkàn àwọn balẹ̀ lórí Múdà.

Kò pẹ́ tí àwọn ológun fi dé, wọ́n lé gbogbo olóṣèlú lọ. Alága wọ́ọ̀dù kì í kí mi mọ́ bí a bá pàdé. Ìyá mi ni àwọn ará ọ̀nà Ìtòrí ṣì ń pè ní ọlọ́kàn líle títí di òní, ìyá mi tí kò lè pa èèrà. Mo gbọ́ pé kò sí òwúrọ̀ tí ìyá Ògúndélé kì í dárúkọ ìyá mi níwájú òrìṣà rẹ̀, kì í sì í ṣe fún rere. Ìyá mi náà máa ń dárúkọ Ògúndélé lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Wọ́n ń tọrọ Àlùjánnà fún un.

Bàbá wa kú lọ́dún tó kọjá. Ìyá mi ti ṣe opó tán, àlùfáà sì ti ní kò sí ohun tó burú bí àgbàlagbà bíi tiwọn bá ń jáde. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lọ ni abúlé lẹ́yìn Ìtòrí. Wọ́n fẹ́ lọ kí ìyá Ògúndélé pé, "Ẹ kú àmúmọ́ra." Wọ́n ti ra aṣọ funfun fún un, torí wọ́n gbọ́ pé funfun ló ń wọ̀, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi ń rán etí rẹ̀. Mo ti ní mọ́tò bàjẹ́. Mo ti ní òjò ba ọ̀nà jẹ́. Wọ́n ní bí a bá ti ṣọdún Iléyá tán, bí n kò bá gbé àwọn lọ, àwọn àti ọmọ mi obìnrin á wọkọ̀ ní gáréèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe àgbà, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Ṣé kí n ṣáájú lọ dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin yẹn, kó ṣe mí bó ṣe fẹ́? Àbí ìyá mi ni kí n kọ́kọ́ wọlé tọ̀, kí n sọ ohun tí mo fi àtàǹpàkò wọn ṣe? Ẹ má sọ pé kí n dákẹ́. Mo ti gbìyànjú ìyẹn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Lánàá, mo bá ìyá mi lórí ẹní pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú. Mo ní bóyá kí wọ́n kàn fi aṣọ náà rán mi, kí n bá wọn jíṣẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Rárá, ọmọ mi. O ti bá mi sọ̀rọ̀ tó. Èyí, ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi sọ ọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. A ti so àgbò mọ́lẹ̀.