Òjìji Táǹkì Tí Mo Pẹ́ Kí N Tó Wọ̀n

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi láti sẹ́kọ́ńdìrì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ mi gbé iṣẹ́ àṣetiléwá dé, wọ́n ní kí ó fi òjìji wá gíga òpó iná. Omi bọ́ lójú mi.

Lotto, ní Mowe, là ń gbé nígbà náà, ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wa kúrò l'Ékòó. Sidikat lẹni àkọ́kọ́ tó bá mi ṣọ̀rẹ́. A jọ máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ìwé, eruku pupa á bo ìbọ̀sẹ̀ wa, a ó sì máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ayé dùn nígbà yẹn.

Ó mọ ìṣirò jù mí lọ fíìfíì. Òun ni wọ́n ti mú pé yóò ṣojú ilé-ìwé wa níbi ìdíje ìṣirò ní Ifọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, tíṣà ní kí a wá gíga táǹkì omi ilé-ìwé láìgùn ún. Ó pín wa ní méjì-méjì, èmi àti Sidikat la jọ wà: kí ẹnì kan wọn igi kúkúrú kan tí a nà ró àti òjìji rẹ̀, kí ẹnì kejì wọn òjìji táǹkì lákòókò kan náà. Bí òjìji igi bá jẹ́ ìlọ́po méjì igi, bẹ́ẹ̀ náà ni ti táǹkì yóò rí.

Sidikat wọn igi lójú ẹsẹ̀. Èmi tó yẹ kí n wọn ti táǹkì, ẹ jọ̀ọ́, gúgúrú ni mo lọ rà, mo sì jókòó tàkúrọ̀sọ níbẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, oòrùn ti gòkè, òjìji ti kúrú. Mo wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé àárọ̀ ni mo ti wọ̀n ọ́n.

Táǹkì tó ga ju òrùlé kíláàsì wá kúrú ju géètì lọ nínú ìwé wa, Sidikat tó ṣírò ó ló sì kà á síta. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Tíṣà ní, "Sidikat, o ò wọn nǹkan kan. O kàn jókòó, o rò ó ni." Sidikat wojú mi. Mo wolẹ̀. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìdíje, wọ́n fi tèmi tí mo ń ṣe ipò kejì rọ́pò.

Kò bá mi jà. Ó ní, "Tọ́pẹ́, bóyá èmi ni mo ṣi igi wọ̀n." Ó tún yá mi ní bàtà rẹ̀ tí mo wọ̀ lọ sí Ifọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò nawọ́ mọ́ ní kíláàsì ìṣirò.

Mowe ló ṣì wà, ọ̀rẹ́ mi ṣì ni. Nígbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, mo gbọ́ tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin pé kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ìdílé àwọn ò lórí ìṣirò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá jẹ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí n pàdánù rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ yẹn máa gbà á gbọ́.