Omi Ọṣẹ Tí Mo Dà Sínú Bíréèkì Jíìpù Mi

Mo fi irin búra. Wọ́n sàmì fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkìtì, wọ́n sì fún mi lórúkọ inú Bíbélì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ogójì ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù mọ ohun tó yẹ kí òun fi búra. Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, kí irin tó ti ń bọ́ mi láti ìgbà èwe mi kọ̀ mí. Ó ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Ẹ má sì bá mi dá èṣù lẹ́bi o, nítorí èṣù kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi nìkan ni, èmi àti ọmọ mi.

Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, jíìpù náà wà lẹ́yìn ilé tí mo háyà yàrá sí ní Mafoluku. Orí búlọ́ọ̀kù ló dúró sí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wó wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó tí kò léyín mọ́. Àràárọ̀ ni mò ń wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyá Sùnkànmí tí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi kì í jẹ́ kí n fọ ọwọ́ tán kó tó bẹ̀rẹ̀. "Bàbá Títí, ẹ ò tíì ta pósí yìí ni?" Mo ní pósí tí kò tíì gbé ẹnikẹ́ni lọ, pósí kọ́ nìyẹn. Ó ní, "Ẹni tó kù díẹ̀ kó gbé lọ ńkọ́?" Ẹnu obìnrin yẹn mú ju abẹ lọ, òun náà ló sì ń bu ọbẹ̀ sílẹ̀ fún mi ní ọjọ́ tí ilẹ̀ bá ṣú bá mi lábẹ́ mọ́tò. Ṣùgbọ́n mi ò ní tà á. Kí gbogbo ayé gbọ́! Àwọn tó ń ra àlòkù irin ti wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni mo sì lé wọn bí ẹni lé ewúrẹ́.

Títí ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Tíṣà ni ní Ìsọlọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí mo fi òun àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, tí mo gun tírélà lọ sí Sókótó, tí mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń bọ̀. Ṣé ẹ mọ bí ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe gùn tó? Ọdún mọ́kànlá ni. Kì í ṣe pé mo fẹ́ obìnrin mìíràn. Ọ̀nà ni mo fẹ́. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, tèmi dùn, mi ò sì relé. Lẹ́yìn rẹ̀ náà, bí mo bá yà sílé fún ọjọ́ méjì, "lọ́la" ni ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Lọ́la la máa lọ ra bàtà. Lọ́la ni mo máa tẹ̀ lé ẹ dé ilé ìwé. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, mo ti kọjá Lọ́kọ́ja. Ọ̀la tí mo ti ṣèlérí fún ọmọ yẹn pọ̀ ju èyí tí Ọlọ́run dá lọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, wọ́n ti sin ín tán kí n tó gbọ́.

Ojú mi kò ríran jìnnà mọ́ ni mo fi wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó, tí mo gba iṣẹ́ ọdẹ ojúmọmọ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀. Mo wá Títí kàn. Kò lé mi. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi fún mi, ó ní, "Ẹ jókòó, sà." Sà! Ó lé lọ́dún kan tí ọmọ inú mi ń pè mí ní sà bí ẹni ń kí ọ̀gá báńkì. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí èèyàn bá gbìn náà ni yóò ká.

Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí yẹn ni mo ti rí jíìpù náà. Koríko ti hù gba inú rẹ̀ kọjá, alángbá ló ni ín. Ọ̀gá tó ni ibẹ̀ ní, "Bàbá, bí ẹ bá lè gbé e kúrò, tiyín ni." Mo wọ́ ọ dé Mafoluku. Mi ò pe mẹkáníìkì kankan. Mo tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ǹtì, mo fi pẹtiróòlù fọ gbogbo rẹ̀, mo sì tò ó padà. Ìdípẹtà ti jẹ ilẹ̀ rẹ̀ débi pé èèyàn lè jókòó sínú rẹ̀ kó máa wo èèrà nísàlẹ̀, mo gé irin dúrọ́ọ̀mù, mo fi lẹ̀ ẹ́. Mo lọ ra aṣọ tó nípọn ní ọjà Aswani, mo fi abẹ́rẹ́ tapólì rán an mọ́ àga iwájú. Ní ọjọ́ Sunday kan, Títí yà wò mí bó ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ó fọwọ́ pa aṣọ àga náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ rán èyí? Bàámi, ṣé mọ́tò yìí lè dé Ìkẹ́rẹ́?"

Ẹ gbọ́ ohun tó pè mí? Mo ní yóò dé Ìkẹ́rẹ́, yóò sì kọjá Ìkẹ́rẹ́. Ó ní ibojì ìyá òun ni òun fẹ́ lọ rí, pé ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn òun. A fi í sí Sátidé àkọ́kọ́ tí ilé ìwé wọn bá gba ìsinmi.

Ọ̀nà tó lọ síbi ibojì yẹn kò dáa, òkúta àti kòtò ni. Ni mo bá ní kí n gbé jíìpù náà ga sí i. Mo yọ sípíríǹ rẹ̀, mo gé ti ọkọ̀ akẹ́rù sí i, ó wá dúró gàgàrà bí ẹṣin. Gàníyù, mẹkáníìkì tó wà ní ìkángun àdúgbò wa, bẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé mọ́tò sókè, ẹ ò wá róbà bíréèkì tó gùn tẹ̀ lé e, èyí tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí táyà. Róbà ẹ̀yìn yìí ti le bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ó máa já." Mo ní, "Gàníyù, nígbà tí mo ń gba orí afárá Jẹ́bbà kọjá, ìyá rẹ kò tíì mọ bàbá rẹ." Ó gbé jáàkì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, mo wa jíìpù dé ilé Títí. Ó ti múra, ó gbé kúlà ìrẹsì àti báàgì kan síta. Bí mo ṣe ń yí mọ́tò padà, táyà ẹ̀yìn jìn sínú gọ́tà ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ ọ tó dún táù! Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀. Mo bẹ abẹ́ wò. Róbà ẹ̀yìn ti já, ọ́ìlì bíréèkì ti dà sílẹ̀ tán. Ó kù tó wákàtí mẹ́ta kí àwọn tó ń ta páàtì tó ṣí ìsọ̀. Ṣé mi ò lè dúró ni? Mo lè dúró. Ṣùgbọ́n mo gbójú sókè, mo rí ọmọ mi tó ń ti géètì, tó wọ bàtà tuntun, ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lẹ́nu ni "Títí, ó di ọ̀la." Kò jáde. Mo gbé e mì bí egungun ẹja.

Ní ọ̀nà òkè Ọya, bí róbà bíréèkì bá já níbi tí kò sí ilé, awakọ̀ kì í sunkún. Yóò ká páìpù táyà yẹn sẹ́yìn, yóò fi òòlù lù ú pa, yóò wá da omi ọṣẹ sí i dípò ọ́ìlì. Àwọn táyà yòókù yóò rọra gbé e dé ìlú. Mo ṣe é láti Mọ́kwá dé Jẹ́bbà pẹ̀lú ẹrù iṣu, kò sí ohun tó ṣe mí. Ni mo bá ní, "Títí, bá mi po omi ọṣẹ díẹ̀ wá." Ó rò pé ọwọ́ ni mo fẹ́ fọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ pò ó wá nínú ike, ó tún mú aṣọ ìnuwọ́ sí i. Ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan, Bàámi?" Mo ní, "Kò sí nǹkan." Bó ṣe kọ̀yìn sí mi, mo dà á sínú bíréèkì.

Ọ̀nà Jẹ́bbà ṣófo. Ó lè máà ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ tí èèyàn máa tẹ bíréèkì. Láti Ìsọlọ̀ dé Òṣòdì, gbogbo ìṣísẹ̀ ni, mọ́tò níwájú, mọ́tò lẹ́yìn. Bíréèkì yóò gbóná, omi ọṣẹ yóò hó bí omi ẹ̀kọ, bí ó bá sì ti hó, òfìfo lẹsẹ̀ ń tẹ̀. Mo mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, mo mọ̀! Mo kàn rò pé a ó ti bọ́ sí ojú ọ̀nà tó ṣófo kó tó hó.

Ó ń sọ fún mi bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kọrin bó bá ń gbo ẹ̀wà, a sì ń sọ̀kalẹ̀ lórí afárá ní Òṣòdì, nígbà tí ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ilẹ̀ náà ni. Mo fa bíréèkì ọwọ́, àfi ìgbà tó fà jáde bí igi inú iyanrìn. Èmi ni mo tú okùn rẹ̀ nígbà tí mò ń gbé mọ́tò ga, tí mi ò dá a padà. Níwájú wa, àwọn èèyàn ń sọdá, àwọn kan ru ẹrù lórí. Ọkọ̀ kún ọwọ́ òsì. Mo já ọwọ́ sí ọ̀tún, mo fi jíìpù lu ògiri kọnkéré. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni Títí jókòó sí.

Ẹ wò ó, kò pa ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní awakọ̀ gidi ni mí, pé ẹlòmíràn ì bá ti wọ inú àwọn èèyàn yẹn lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ awakọ̀ mọ ibi tí awakọ̀ jókòó sí. Ta ló lè búra fún mi pé ọwọ́ yẹn kò kọ́kọ́ ro tèmi? Èyí, mi ò lè fi irin búra lé e lórí.

Itan Títí dá síbi méjì. Ní ọjọ́ kẹta ní ọsibítù, àwọn ará ìjọ rẹ̀ yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká, wọ́n ń dá iṣẹ́ ọ̀tá lẹ́kun. Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Mo ní kò sí ọ̀tá kankan, mo ní mo mọ̀ pé bíréèkì ti já kí a tó kúrò lẹ́nu géètì, mo sì sọ ohun tí mo ní kó po omi ọṣẹ fún. Gbogbo wọn ń wò mí bí wèrè. Títí wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ máa lọ, Bàámi. Òun lẹ mọ̀ ọ́n ṣe." Ó kọjú sí ògiri.

Oṣù márùn-ún rèé. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń fi ọ̀pá rìn. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ti yọ sípíríǹ akẹ́rù, mo ti ra róbà bíréèkì tuntun, ó gùn tó bó ṣe yẹ. Gàníyù máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, yóò máa sọ ohun tí mo máa ṣe, èmi bàbá yìí yóò sì máa ṣe é. Ẹ̀yin awakọ̀, bí ẹ bá fẹ́ràn ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Ọ̀la kì í ṣẹ́ itan.

Gbogbo Sunday ni mò ń lọ dúró sí ẹnu géètì rẹ̀. Yóò jáde, yóò rí mi, yóò kọjá. Àwọn alájọgbé mi ní kí n fi í lọ́rùn sílẹ̀, pé ọmọ ti sọ ohun tó fẹ́. Èmi kọ̀. Gbogbo ayé mi ni mo fi lọ, bí mo bá tún lọ lọ́tẹ̀ yìí nítorí pé ó ní kí n lọ, ṣé ìgbọràn nìyẹn, àbí ìwà mi àtijọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. Kò pariwo, kò sunkún. Ohun tó sọ nìyí.

Ẹ máa lọ, Bàámi. Òun lẹ mọ̀ ọ́n ṣe.