Ohun Tí Mo Fi Pamọ́ Sábẹ́ Ìjókòó Mọ́tò Ọlọ́pàá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń pariwo sọ. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, orí mi ti funfun, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sì ni àwọn ará àdúgbò fi ń kí mi. Wọ́n ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí. Wọ́n ní mo mọ ìyàwó tọ́jú, pé ọkùnrin mìíràn ì bá ti fẹ́ ẹlòmíràn lé obìnrin tí kò lè bímọ mọ́. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Háà! Bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi gan-an ni mo ba ayé obìnrin yìí jẹ́! Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. A jọ ń gbé, a jọ ń jẹun nínú àwo kan, n kò sì tíì sọ ọ́ fún un títí di òní.

Ará òkè ni mí. Odò kan ṣoṣo tó wà nílùú wa, ọmọdé lè fẹsẹ̀ là á kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà tí iṣẹ́ gbé mi dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, ni mo tó rí ibi tí títì ti ń tán, tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ ojú omi ni èèyàn á wọ̀ bó bá fẹ́ lọ sí abúlé kejì. Ẹ̀rù omi bà mí, n kò ní purọ́ fún yín. N kò mọ lúwẹ̀ẹ́ rárá. Ní àgọ́ wa, ẹni tó bá ń wa mọ́tò ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé orí ilẹ̀ lòun yóò wà. Ẹni tí kò bá wà á, ọjọ́kọ́jọ́ ni wọ́n lè ní kó di ẹrù rẹ̀ kó kọjá sí àgọ́ ojú omi, lọ́hùn-ún lẹ́bàá òkun, níbi tí iná àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fa epo ti ń jó láìsinmi. Ọlọ́pàá méjì ni ọkọ̀ ti dà nù lójú ọ̀nà yẹn kí n tó dé, wọn ò sì rí òkú ọ̀kan nínú wọn. Ìgbà tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò pátíróòlù lé mi lọ́wọ́ ni mo tó lè sùn dáadáa.

Níbẹ̀ ni mo ti fẹ́ Fúnmiláyọ̀, ọmọ Ugbónlá, ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ ojú omi kó tó mọ̀wé kà. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, “Ọkọ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń mú olè, omi tí kò ní ìbọn lọ́wọ́ lẹ wá ń sá fún?” Èmi náà á rẹ́rìn-ín. N kò jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun.

Mọ́tò yẹn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Kó tó bọ́ sọ́wọ́ mi, gbogbo èèyàn ló ń wà á. Ẹni kan á fi kó igi ìdáná, ẹni kan á fi gbé ẹbí rẹ̀ lọ sí ibi òkú, ẹni tí kò mọ jíà á fi kọ́ ọkọ̀ wíwà. Bí omi iyọ̀ bá kún bo títì, wọ́n á wà á gba àárín omi, wọn kò sì ní bu omi kànga fọ abẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ irin bí ikán ti ń jẹ igi. Ilẹ̀ mọ́tò náà lu débi pé èèyàn lè máa wo ọ̀nà láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bíréèkì rẹ̀, àfi kí o tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó mú. Okùn àwọ̀n ẹja ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn kan. Àwọn ará ìlú a máa sọ pé bí olè bá wọ̀lú, kí olè náà jọ̀ọ́ kó dúró kí wọ́n ti mọ́tò ọlọ́pàá ná. Ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ayé, ẹ ṣáà mọ̀ pé kì í ní olùtọ́jú.

Èmi ni mo tún un ṣe. Àràárọ̀ ni mò ń fi omi kànga fọ̀ ọ́, mò ń fi òróró ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti lò tán pa abẹ́ rẹ̀ kí iyọ̀ má baà rí i jẹ. Mo wá ẹni tó jó irin mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, mọ́tò náà ń gbọ́ tèmi, wọ́n sì ń pè mí ní Ọkọ Mọ́tò. Orí mi wú. Ta ni orí rẹ̀ kò ní wú?

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé Bàyọ̀ wá. Ọmọkùnrin Ìkálẹ̀ ni, ó kéré sí mi púpọ̀, ó níwà, ó sì ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì kó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá wa fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni mo fetí ara mi gbọ́ tí ọ̀gá ń sọ fún igbákejì rẹ̀ pé bí Bàyọ̀ bá ti mọ mọ́tò náà dáadáa, òun á fi èmi ránṣẹ́ sí àgọ́ ojú omi. Èmi! Omi! N kò sọ fún ìyàwó mi, nítorí n kò fẹ́ kó fi mí rẹ́rìn-ín. Mo wa mọ́tò lọ sí Òkìtìpupa, mo ní kí rewáyà kan bá mi fi bọ́tìnnì kékeré kan sábẹ́ ìjókòó dírẹ́bà, níbi tí ojú kò lè tó. Bí èèyàn kò bá tẹ bọ́tìnnì yẹn, ẹ́ńjìnì á máa yí, á máa yí, kò ní dáhùn láéláé. Mo ní nítorí olè ni. Rewáyà gbà mí gbọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣiṣẹ́! Bàyọ̀ á tan mọ́tò títí, àágùn á bò ó. Á tú pílọ́ọ̀gì, á tún un dè, òfo. Èmi á wá rọra rìn dé, màá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá fọwọ́ kan ibí, màá fọwọ́ kan ọ̀hún, màá wọlé jókòó, mọ́tò á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Bàyọ̀ á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi.” Màá ní sùúrù ló ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ àgọ́ ojú omi sì kúrò nílẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni èmi àti Fúnmiláyọ̀ fi wá ọmọ kó tó lóyún. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó bímọ nígbà tí wọ́n pè mí sí kóòtù ní Àkúrẹ́ láti wá jẹ́rìí. Àsìkò tí epo mọ́tò di góòlù ni. Ẹ gbọ́ o, àwa tí wọ́n ń fa epo nínú òkun wa, a kò rí epo rà! Gbogbo mọ́tò ìlú ló wà lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń retí epo. Mọ́tò ọlọ́pàá nìkan ni epo wà nínú rẹ̀, èmi ni mo sì bu ú sí i fúnra mi. Ọkọ̀ èrò tó ti sùn sórí ìlà tó sì rí díẹ̀ rà ni mo bá lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ìrọbí mú un, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, pé ọwọ́ òun kò ká a. Wọ́n sáré pe Bàyọ̀, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n gbé ìyàwó mi sí i. Bàyọ̀ tan mọ́tò, kò dáhùn. Ó tún tan án. Wọ́n tì í dé ìkóríta, wọ́n tún tì í padà, títí bátìrì fi kú. Ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyí: nítorí pé mọ́tò náà máa ń dáhùn nígbẹ̀yìn bí mo bá dé, wọ́n rò pé yóò dáhùn, wọn kò tètè wá nǹkan mìíràn. Ó ju wákàtí kan lọ tí obìnrin náà fi wà nínú oòrùn, tó ń ké “Ọma mi o! Ọma mi o!” kí lọ́rì eléja kan tó kọjá, kó sì gbé e.

Nígbà tí mo fi máa dé, oòrùn ti ń wọ̀. Mo bá mọ́tò náà lójú títì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, Bàyọ̀ jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di orí mú. Ọ̀gá ní kí n gbìyànjú kí a lè tẹ̀ lé wọn. Àwọn èèyàn tì í. Mo na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó, mọ́tò sì dáhùn lẹ́sẹ̀ kan náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ojú ló yí padà sí Bàyọ̀. Ẹnì kan sọ pé, “Ṣé mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ yìí lo ní kò ṣiṣẹ́?” Mo wa mọ́tò lọ.

Ọmọ ti kú kí wọ́n tó dé ọ̀hún. Ọkùnrin ni. Kí wọ́n lè gba ẹ̀mí ìyá rẹ̀ là, wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, ṣùgbọ́n ìka ẹlòmíràn ni wọ́n gé níbi tèmi: wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bàyọ̀, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àgọ́ ojú omi. Kó tó lọ, ó mú bàbá rẹ̀ wá sílé mi, àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Baba arúgbó náà ń sunkún. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, “Ẹ dìde, àmúwá Ọlọ́run ni.” Wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Lọ́jọ́ kejì ni mo tú bọ́tìnnì náà, mo jù ú sómi.

Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tí a bá ń gbàdúrà, ìyàwó mi á dárúkọ Bàyọ̀, á ní bó ṣe fi òun sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo, kí ọwọ́ tirẹ̀ náà ṣófo. Èmi ọkọ ló máa ń ṣe Àmín. Ọdún wo ni n kò ṣe é?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà Bàyọ̀ dé. Ó ti kúrò nínú iṣẹ́. Ó ní láti ọjọ́ yẹn òun kò fọwọ́ kan mọ́tò mọ́, pé ohunkóhun tí òun bá dáwọ́ lé kì í lójú, pé ìyàwó òun kò rí oyún gbé dúró. Ó ní òun mọ̀ pé ẹ̀bi òun ni, òun fẹ́ wá bẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó kú. Ìyàwó mi ló ka lẹ́tà náà. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, lẹ́yìn náà ó ní, “Ọkọ mi, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ ká dárí jì í. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ lọmọ. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé e lórí, kẹ́ ẹ ní ẹ ti dárí jì í, kí n tó lè gbé tèmi.”

Ó ti ra ẹja tútù tí yóò fi se ọbẹ̀ fún un. Bí mo bá sọ òtítọ́, obìnrin kan ṣoṣo tó kù fún mi láyé yìí yóò lọ, kò sì ní jẹ̀bi. Bí n kò bá sọ ọ́, ọmọ ọlọ́mọ yóò gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi wọ sàréè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má pẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni Bàyọ̀ ń bọ̀, yóò dọ̀bálẹ̀ síwájú mi, ìyàwó mi yóò sì máa wo ọwọ́ mi.