Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin àti Ìdánwò Bàọ́lọ́jì

Níbi tí mo ti ń dúró ṣe fọ́tòkọ́pì ní Agbowó ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan tó fi àgbà padà sí yunifásítì, àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì.

"Ìṣirò owó ni mo wá kọ́," ni ìyá náà wí. "Kí ló kàn mí kan bàọ́lọ́jì?"

"Mọ́mì, dandan ni fún gbogbo wa. Ẹni tí kò bá yege níbẹ̀ kò ní gboyè."

"Mo ṣe é, mo fìdí rẹmi. Ìbéèrè lórí ìbímọ gan-an ló gbé mi ṣubú. Èmi tí mo bí ọmọ mẹ́rin!"

"Kí lẹ kọ síbẹ̀, mà?"

"Ohun tí ojú mi rí ni mo kọ."

Ọmọbìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má bínú, mà. Ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n bi yín, wọn ò bi yín ní ohun tójú yín rí."

 Mo rò pé ìyá náà fẹ́ sọ pé òun ò ṣe mọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó fa àga sún mọ́ ọmọ náà, ó yọ bírò.

"Ó dáa, ọmọ mi, kọ́ mi. Báwo ni wọ́n ṣe ń bímọ?"